Nígbà tí Ọwọ́ Aago Wọ Pupa

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ọwọ́ aago.
Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀ kòtò tánńganran
kò lẹ́nu; aago ara rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.
Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lójú àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ń lọ.
Bí ó bá wọ pupa, mo pa á.
Ọdún mọ́kànlá. N kò pẹ́ pa á rí.

Ilé wa wà lókè Potosí,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti wọ́n ju ẹran lọ,
tí àlejò ń dúró mí láàárín gbólóhùn.
Níbẹ̀ ni Fortunata ti lóyún.
Oṣù kẹfà, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ìyá mi pàtẹ́wọ́:
"Oyún yìí mọ ilé tó wọ̀!
Ẹ wo ìyàwó wa bó ti ń sanra!"
Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ta ni kì í fẹ́ kí aya òun sanra?

Òrùka kọ̀, kò bọ́ mọ́.
Ó fi ọṣẹ pa á, ó fi ọ̀rá láámà pa á.
Mo fi ẹ̀mú gé e lórí tábìlì,
a jọ fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ìgbéyàwó ti tú.
Bàtà kọ̀. Ó ń wọ tèmi.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní iná kéékèèké ń fò níwájú òun
bí iná orí àwọn awakùsà tí ń ti kòtò bọ̀.
Orí ń fọ́ ọ.
Mo ní, "Oorun ni. Sùn."

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ara mi tó.

Ọjọ́bọ̀ ni Zenobia nọ́ọ̀sì dé, àpò lẹ́yìn.
Ó wé aṣọ mọ́ Fortunata lápá,
ó ń tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà, fùú, fùú.
Mo wo aago náà, n kì í rí aago kí n má wò ó.
Kò ní àwọ̀ ewé, kò ní pupa,
funfun lásán ni, nọ́ńbà yí i ká.
Ojú Zenobia ni mo ti rí pupa.
"Àádọ́sàn-án lórí àádọ́fà," ó ní. "Ta ló ní ọkọ̀?"

Nílé ìwòsàn, dókítà yàwòrán
sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi wé búrẹ́dì.
Kì í ṣe èpè, ó ní. Kì í ṣe ohun tó jẹ.
Họ́mónù ni ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀:
nínú oyún tó rọrùn, wọ́n á máa bẹ àwọn iṣan,
ẹ dẹ̀, ẹ dẹ̀, ọmọ ń jẹun.
Ṣùgbọ́n ibi ọmọ tí kò ta gbòǹgbò dáadáa,
ebi ń pa á, iṣẹ́ mìíràn ló ń rán.
Àwọn iṣan gbọ́, wọ́n sì fún.
Mo ní, "Ó yé mi." Ó wò mí bíi pé mo ń purọ́.
Atẹ́gùn púpọ̀ nínú páìpù tóóró:
ó yé mi ju bó ti rò lọ.
Mo bi í léèrè bí a ti ń pa á.

Ó ní, "Kí a gbé ọmọ jáde.
Oṣù kò tíì pé. A ò lè dúró."

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kí gìrì má gbé e.
Ó ní ó dà bíi pé òun gbé sítóòfù mì.
Ọmọbìnrin ni. Kò wúwo ju bàtà iṣẹ́ mi méjèèjì lọ,
inú gíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.
Wọ́n kí mi, ẹ kú ewu. N kò dáhùn,
nítorí ọwọ́ aago kò tíì sọ̀ kalẹ̀.
Òru mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í.

Òrùka náà ṣì wà lápò mi, ẹnu rẹ̀ là.
Mo ní mo mọ ẹni tó lè jó o pọ̀.
Fortunata ń fún ọmú sínú ife, kò gbójú sókè.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní.
"Jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà níbẹ̀."